Bí a ṣe ń mọ AA, AS, AC àti SC láìṣìnà: ìtọ́nà fún láàbù àti ìdílé nílẹ̀ Òkun

Lẹ́tà méjì péré ló wà lórí ìwé jẹ́nótáìpù tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń béèrè lọ́wọ́ àwọn àfẹ́sọ́nà ní Kàbbà, Ìsánlú, Mọ̀pà, Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìyàrà, nílẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Lẹ́tà méjì yẹn lè dá ìgbéyàwó dúró, ó sì lè jẹ́ kó lọ. Àmọ́ kò sí ẹ̀rọ tó ń rí lẹ́tà nínú ẹ̀jẹ̀. Ìlà pupa lórí bébà funfun ni òṣìṣẹ́ láàbù ń rí, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìlà náà di lẹ́tà. Ibi tó ti lè ṣì í kà pọ̀, kò sì sí èyí tí kò ní ìdí nínú wọn. A kọ ìtọ́nà yìí fún ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò, fún nọ́ọ̀sì tó ń fa ẹ̀jẹ̀, àti fún ìdílé tó fẹ́ mọ ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi láàbù kí wọ́n tó gba ìwé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. A, B, AB àti O jẹ́ ti ẹgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ síni lára. AA, AS, AC, SS, SC àti CC jẹ́ ti hìmóglóbìn; SS àti SC ni ti ẹni tó ní àìsàn fọ̀níkú-fọ̀ladìde (sickle cell). Ẹni tó bá ní "O positive ni mí, kò séwu" kò tíì sọ ohunkóhun nípa jẹ́nótáìpù rẹ̀.

Ohun tí à ń wò gan-an

Hìmóglóbìn ni pùrótéènì tó ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara nínú sẹ́ẹ̀lì pupa. Okùn mẹ́rin ló so pọ̀ di ẹyọ kan: alpha méjì, beta méjì. Jíìnì tó ń ṣe beta wà lórí krómósómù 11, a gba ọ̀kan lọ́dọ̀ baba, a gba ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá. Ní ipò kẹfà lórí okùn beta, glutamic acid ló wà nínú A, ó sì ní agbára iná nẹ́gẹ́tíìfù. Nínú S, valine ló gba ipò náà, kò ní agbára iná rárá. Nínú C, lysine ló wà níbẹ̀, pọ́sítíìfù ni tirẹ̀. Nítorí pé beta méjì ló wà nínú ẹyọ kan, nẹ́gẹ́tíìfù S fi méjì dín sí ti A, ti C sì fi mẹ́rin dín. Bí a bá tan iná sí wọn ní pH 8.5 (pH ni ìwọ̀n bí omi ṣe ní áásìdì tó), òpó pọ́sítíìfù ni gbogbo wọn máa rìn lọ: A á ṣíwájú, S á tẹ̀ lé e, C á gbẹ́yìn. Gbogbo àyẹ̀wò yìí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi irú ìrìn yìí hàn ní 1949 pé hìmóglóbìn ẹni tó ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì. Ní 1957, Vernon Ingram fi hàn pé ipò ẹyọ kan ṣoṣo ló yí padà.

S kò pọ̀ nílẹ̀ wa lásán. Ní 1954, A. C. Allison fi hàn pé ibà tó le kì í tètè pa ọmọ tó bá jẹ́ AS bó ṣe ń pa ọmọ AA. Ibi tí ibà ti pọ̀ láti ìgbà pípẹ́ ni S ti pọ̀. Ẹni tó jẹ́ AS ṣì lè ní ibà o. Àwọ̀n ẹ̀fọn ṣì yẹ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

C ní tirẹ̀ ní ilé tó ti wá. Ó pọ̀ jù ní àríwá Gánà àti Burkina Faso, ó ń dín kù bí a ṣe ń jìnnà síbẹ̀. Ó wà dáadáa láàárín àwa Yorùbá, ṣùgbọ́n bí a bá ti kọjá Odò Ọya sí ìlà oòrùn, ó di ohun tó ṣọ̀wọ́n. Ẹ wo ibi tí ilẹ̀ Òkun wà: ìwọ̀ oòrùn odò náà, tí Lọ́kọ́ja sì jókòó sétí omi níbi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí C ti ń sé ni a wà, ṣùgbọ́n apá ibi tó ṣì wà ni. Láàbù tó bá ń ṣe bí ẹni pé A àti S nìkan ló wà yóò kọ "AA" fún ẹni tó jẹ́ AC. Èyí tó burú jù ni pé yóò kọ "AS" fún ẹni tó jẹ́ SC, ìyẹn ẹni tó ní àìsàn gan-an tó yẹ kí dókítà máa tọ́jú ojú rẹ̀ àti egungun ìbàdí rẹ̀.

Fífa ẹ̀jẹ̀ àti fífi ránṣẹ́

Ẹ fa mílílítà 2 tàbí 3 láti iṣan sínú túùbù EDTA (èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì), èyí tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò. Ẹ dorí rẹ̀ kodò jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ sí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ má ṣe mì ín jìgìjìgì, sẹ́ẹ̀lì á bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti dì kò wúlò mọ́.

Ojú ẹni tí ẹ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti kọ orúkọ sára túùbù, kì í ṣe lẹ́yìn tí túùbù mẹ́wàá bá ti tò sórí tábìlì. Àṣìṣe tó ń ti ibi àkọlé wá kò ṣeé rí lórí bébà àyẹ̀wò rárá: ìlà á mọ́ kedere, lẹ́tà á pé, ẹlòmíì ló ni ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹni tó bá fẹ́ gbéyàwó ṣe àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tuntun ní ìgbà kejì, ní láàbù míì bó bá ṣeé ṣe. Kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ àná yẹ̀ wò kò tó.

Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta, kí ẹ sì kọ ìdáhùn sílẹ̀: ọmọ ọdún mélòó ni? Ṣé wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára láàárín oṣù mẹ́rin sẹ́yìn? Ìlú wo ni baba rẹ̀ ti wá, ìlú wo ni ìyá rẹ̀ ti wá? A óò rí ìwúlò ìkẹta níwájú.

Nínú fíríìjì ní 4°C, ẹ̀jẹ̀ EDTA ṣeé lò fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Kò gbọ́dọ̀ wọ fírísà. Bí ẹ bá ń fi í ránṣẹ́ láti Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Ìsánlú lọ sí Lọ́kọ́ja, ẹ fi aṣọ tàbí bébà ìròyìn wé yìnyín inú kúlà kó má bàa fara kan túùbù. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì sí yìnyín, gbogbo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á ti bẹ́ kó tó débẹ̀, kò sì ní sí sẹ́ẹ̀lì fún àyẹ̀wò kejì tí a óò fi jẹ́rìí.

Electrophoresis (fífi iná ya hìmóglóbìn sọ́tọ̀) lórí cellulose acetate

Buffer, ìyẹn omi tó ń pa pH mọ́ sójú kan, ni kí ẹ kọ́kọ́ pò. Fún lítà kan: Tris gíráàmù 10.2, EDTA oní-sodium méjì gíráàmù 0.6, boric acid gíráàmù 3.2. Ẹ fi distilled water tán án dé lítà kan, kí ẹ wò bóyá pH rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 8.5. Omi kànga àti omi boholi ní iyọ̀ nínú, wọn kì í ṣe fún iṣẹ́ yìí. Bí buffer bá nípọn jù, iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá á pọ̀, bébà á gbóná, ìlà á wọ́. Bí ó bá ṣàn jù, hìmóglóbìn á sáré ṣùgbọ́n ìlà á fẹ̀, etí rẹ̀ kò ní mú. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí fíríìjì. A lè lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí a máa kọ iye ìgbà sára ìgò, kí a sì dà á nù kó tó kọjá ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá.

Ẹ fi ẹ̀rọ centrifuge yí ẹ̀jẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí sẹ́ẹ̀lì lè jókòó sísàlẹ̀. Ẹ mú sẹ́ẹ̀lì tó jókòó yìí máíkrólítà 20, ẹ pò ó mọ́ máíkrólítà 150 omi tó ń bẹ́ sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn Triton X-100 ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn ìwé àtijọ́ máa ń fi potassium cyanide sí i. Májèlé ni. Bí ẹ bá máa ṣe àyẹ̀wò náà lọ́jọ́ kan náà, ẹ má fi í sí i rárá.

Ẹ rọra ri bébà cellulose acetate sínú buffer láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ẹ bá jù ú sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ á há sínú ihò rẹ̀, ibi tó funfun yẹn kò ní gbé iná, ìlà tó bá débẹ̀ á já. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi bébà afamimu méjì tẹ omi orí rẹ̀ kúrò, kí ó tutù ṣùgbọ́n kí omi má yọ̀ lórí rẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, kíákíá ni ibi yìí: afẹ́fẹ́ gbígbẹ lè gbẹ bébà kí ẹ tó fi ẹ̀jẹ̀ sí i tán. Ẹ pa fáànù, kí ẹ sì ti múra ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí bébà tó jáde nínú buffer.

Ẹ fi ẹ̀rọ ìtẹ̀jẹ̀ tẹ ẹ̀jẹ̀ sórí bébà ní apá òpó nẹ́gẹ́tíìfù. Díẹ̀ ló yẹ. Ẹ̀jẹ̀ tó bá pọ̀ jù ló ń sábà sọ AA di "AS" lójú ẹni tó ń kánjú, torí A tó pọ̀ jù á fi ìrù sílẹ̀ lẹ́yìn, ìrù náà á sì dé ibi tí S máa ń dúró sí.

Ẹ gbé bébà sínú táǹkì, kí etí rẹ̀ méjèèjì fara kan buffer nípasẹ̀ bébà òwú, ẹ dé e. Ní volt 350, ìṣẹ́jú 25 tó. Ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Òfin tó dára ju aago lọ ni pé kí ẹ má dá iná dúró títí A àti S inú ẹ̀jẹ̀ control (ẹ̀jẹ̀ tí a ti mọ lẹ́tà rẹ̀ tẹ́lẹ̀) á fi ya ara wọn kedere. Bí gbogbo ìlà bá ń padà sẹ́yìn, tí wọ́n ń bọ́ kúrò létí bébà, òpó iná ni ẹ gbé sódì.

Bí NEPA bá mú iná lọ lágbedeméjì, hìmóglóbìn kò ní dúró dè yín, á máa fẹ̀ síbi tó wà. Ìṣẹ́jú kan kò bà á jẹ́ púpọ̀. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Láàbù tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ ṣe é láìní inverter. Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣe sókè-sódò burú ju kí iná má sí lọ.

Ẹ kun ún ní Ponceau S fún ìṣẹ́jú márùn-ún: Ponceau S gíráàmù 5 àti trichloroacetic acid gíráàmù 7.5 nínú lítà omi kan. Áásìdì yẹn ń jó ara, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́ta nínú acetic acid mílílítà 30 sí lítà kan, títí ẹ̀yìn bébà á fi funfun.

Kíkà

Ẹ má ka bébà kankan tí kò ní ẹ̀jẹ̀ control lórí, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ tí a ti mọ̀ pé A, F (hìmóglóbìn ọmọ inú oyún), S àti C wà nínú rẹ̀. Ẹ fi sí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì bébà, torí iná kì í fi gbogbo ìgbà gba àárín àti etí bákan náà. Láti ibi tí a ti tẹ ẹ̀jẹ̀ lọ sí iwájú, C ló kọ́kọ́ wà, S tẹ̀ lé e, F, lẹ́yìn náà A.

Ìlà kan níbi A: AA. Méjì, A àti S: AS. A àti C: AC. S àti C láìsí A: SC. S nìkan: SS, ṣùgbọ́n ẹ má tíì kọ ọ́. Àgbàlagbà tó ní ìlà kékeré fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ níbi C kì í ṣe AC; A2 ni, gbogbo èèyàn ló ní in díẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń dúró sí. Bí AC bá jẹ́ òtítọ́, ìlà C á nípọn gan-an.

Ẹ wo ìnípọn bí ẹ ṣe ń wo ipò. Nínú AS tòótọ́, A pọ̀ ju S lọ: S máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá 35 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí S bá kéré jù bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹni náà ní àìpé jíìnì alpha, èyí tó wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. AS ṣì ni. Bí S bá wá pọ̀ ju A lọ, ẹ dúró. Yálà ẹni tó ní SS ni, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ AA sí lára, tàbí ẹni tó ní S lápá kan àti beta thalassaemia (àbùkù jíìnì tí kì í jẹ́ kí okùn beta tó) lápá kejì. Kò sí èyí tó yẹ kí ẹ kọ "AS" fún nínú méjèèjì.

Ipò S kì í ṣe ti S nìkan. Àwọn hìmóglóbìn míì tó ń jẹ́ D àti G máa ń dúró níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè: hìmóglóbìn kan wà tó ń jẹ́ D-Ibadan, tí orúkọ rẹ̀ ti ìlú tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i wá, ó ń rìn bíi S ṣùgbọ́n kì í tẹ sẹ́ẹ̀lì pupa bíi dòjé bí S ṣe ń ṣe. Hìmóglóbìn E àti O (kì í ṣe O ti ẹgbẹ́ ẹ̀jẹ̀) náà máa ń dúró níbi C. Nítorí náà, gbogbo ìlà tó bá wà níbi S gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí kejì.

Ẹlẹ́rìí kejì: àyẹ̀wò yíyọ́

S tí kò ní ọ́síjìn kì í yọ́ nínú omi oníyọ̀ tó nípọn. Òun ni a ń lò. Fún lítà kan: K2HPO4 gbígbẹ gíráàmù 215, KH2PO4 gbígbẹ gíráàmù 169, sodium dithionite gíráàmù 5, saponin gíráàmù 1. Dithionite ló ń mú ọ́síjìn kúrò, òun náà ló sì ń tètè bàjẹ́. Bí ìgò rẹ̀ bá ti ṣí sílẹ̀ nínú ooru, agbára rẹ̀ á lọ láìsí àmì lójú.

Ẹ da mílílítà 2 sínú túùbù mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó kúrò ní tútù fíríìjì. Ẹ fi sẹ́ẹ̀lì tó jókòó máíkrólítà 10 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ti ẹni tí à ń yẹ̀ wò, ti AS tí a mọ̀, ti AA tí a mọ̀. Ẹ pò ó, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá gbé túùbù síwájú káàdì funfun tó ní ìlà dúdú tín-ín-rín, pẹ̀lú àyè nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2.5. Bí ìlà dúdú kò bá hàn mọ́, S wà níbẹ̀. Bó bá hàn kedere, kò sí.

Ẹ̀jẹ̀ lódindi, dípò sẹ́ẹ̀lì tó jókòó, ló ń fa àṣìṣe méjì níbí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré lára, sẹ́ẹ̀lì inú máíkrólítà 10 rẹ̀ kò ní tó, S á wà níbẹ̀ tí omi á ṣì mọ́. Ẹni tí ọ̀rá tàbí pùrótéènì pọ̀ nínú omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, omi á dàrú láìsí S. Àyẹ̀wò yìí kò sì mọ AS yàtọ̀ sí SS, tàbí SS yàtọ̀ sí SC. Bẹ́ẹ̀ náà ni àyẹ̀wò orí gíláàsì tí a fi sodium metabisulphite ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe, èyí tí a gbọ́dọ̀ pò lọ́jọ́ náà gan-an. Láàbù tó bá fi ọ̀kan nínú wọn nìkan kọ jẹ́nótáìpù, iye tó gbà kò tọ́ sí i.

Bí electrophoresis bá fi S hàn tí àyẹ̀wò yíyọ́ ní kò sí, ẹ fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe electrophoresis lórí citrate agar ní pH 6.2, HPLC (ẹ̀rọ míì tó ń ya hìmóglóbìn sọ́tọ̀) tàbí àyẹ̀wò DNA. Ní pH 6.2, D àti G á lọ bá A, S á dá dúró. C náà á ya kúrò lára E. Àwọn káàdì àyẹ̀wò kíákíá tó ń fi A, S àti C hàn láti inú ẹ̀jẹ̀ ìka ti dé, wọ́n sì wúlò gan-an ní abúlé tí kò níná. Ṣùgbọ́n A, S àti C nìkan ni wọ́n mọ̀.

Ọmọ ọwọ́ àti ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára

Nígbà tí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nǹkan bí ìdá 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún hìmóglóbìn rẹ̀ ló jẹ́ F. A tàbí S rẹ̀ ṣì kéré. Àyẹ̀wò yíyọ́ kò wúlò fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, torí S tó wà lára rẹ̀ lè má tíì tó láti da omi rú. Bí ẹ bá ṣe electrophoresis fún un, ẹ kọ ohun tí ẹ rí gan-an, FA, FAS, FS tàbí FSC, kí ẹ sì ní kí wọ́n gbé e padà wá lẹ́yìn ọdún kan. Ọmọ tó bá jẹ́ FS tàbí FSC kì í dúró de ọdún kan o: ọ̀dọ̀ dókítà ni kó gbà lọ lọ́sẹ̀ náà, kí ìtọ́jú tó ń dènà àkóràn lè tètè bẹ̀rẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì pupa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120 nínú ara. Ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára gbọ́dọ̀ dúró fún oṣù mẹ́rin kí ìwé rẹ̀ tó lè jẹ́ tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, ẹ yẹ bàbá àti ìyá rẹ̀ wò, ibẹ̀ ni òye á ti wá.

Ohun tí a óò sọ fún àwọn àfẹ́sọ́nà

AS pẹ̀lú AS: nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á jẹ́ SS. Oyún kọ̀ọ̀kan ni o. Bí àkọ́bí bá jẹ́ SS, kò túmọ̀ sí pé mẹ́ta tó kù ti bọ́. AS pẹ̀lú AC: ìdá kan nínú mẹ́rin AA, ìdá kan AS, ìdá kan AC, ìdá kan SC. Èyí ni àwọn ìdílé kì í fẹ́ gbọ́, torí wọ́n ti gbọ́ pé "S méjì" ni ewu. AC pẹ̀lú AC lè bí CC, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dín díẹ̀ tí ọlọ inú rẹ̀ sì lè tóbi, ṣùgbọ́n kì í ṣe fọ̀níkú-fọ̀ladìde. AA pẹ̀lú ẹnikẹ́ni kì í bí SS tàbí SC.

Bí ọmọ bá jáde lára àwọn òbí pẹ̀lú lẹ́tà tí kò bá tiwọn mu, bí àpẹẹrẹ SS látọ̀dọ̀ bàbá tí ìwé rẹ̀ ní AA, ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ tún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tuntun kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ nípa ìyá ọmọ. Ẹ ti rí iye ọ̀nà tí "AA" fi lè jẹ́ irọ́; thalassaemia náà wà níbẹ̀.

G6PD, àti káńfọ̀ inú aṣọ ọmọ

Pùrótéènì míì tó yàtọ̀ láti ẹnì kan sí ẹnì kejì láàárín wa ni G6PD, tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa lọ́wọ́ àwọn oògùn àti kẹ́míkà kan. Ibà ló gbé òun náà ga: ní 1969, Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn fi hàn pé kòkòrò ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ sẹ́ẹ̀lì tí G6PD rẹ̀ kò tó. Orí krómósómù X ni jíìnì rẹ̀ wà, ìyẹn ló fi ń hàn lára ọkùnrin jù.

Àyẹ̀wò tó rọrùn ni ti ìmọ́lẹ̀: ẹ pò ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ mọ́ èròjà rẹ̀, ẹ kán an sórí bébà afamimu ní ìṣẹ́jú 0, 5 àti 10, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi iná UV wò ó nínú òkùnkùn. Èyí tó bá tàn jẹ́ pípé. Èyí tí kò tàn kò tó. Ẹ má ṣe é fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, torí sẹ́ẹ̀lì ogbó ti kú lọ, sẹ́ẹ̀lì titun tó kù ní G6PD tó pọ̀, àyẹ̀wò á ní ó pé. Ẹ dúró fún bí oṣù mẹ́ta. Obìnrin tó ní jíìnì náà lórí X kan ṣoṣo sì lè tàn dáadáa tàbí kó tàn díẹ̀. Àyẹ̀wò yìí kò lè mú gbogbo wọn.

Ohun tí ìyá ọlọ́mọ gbọ́dọ̀ mọ̀ kò nílò láàbù: ẹ má ṣe fi káńfọ̀ pa aṣọ tí ẹ máa wọ̀ fún ọmọ tuntun mọ́. Òórùn rẹ̀ àti ìfarakanra rẹ̀ lè tú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó, ojú rẹ̀ á pọ́n, ohun tó ń pọ́n ojú náà sì lè wọ ọpọlọ. Ọmọ tuntun tí ojú tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń pọ́n, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni, kì í ṣe oòrùn àárọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ka jíìnì inú ìlú

Láàbù tó ti ní ìwé tó dára fún ọdún díẹ̀ ní ohun iyebíye lọ́wọ́. Ó lè fi í mọ iye S àti C tó wà láàárín Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, bí àwọn ará ìhà kejì odò kò bá dà pọ̀ mọ́ wọn. Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwádìí, kí ẹ gba ìyọ̀ǹda àwọn èèyàn, kí ẹ sì yọ orúkọ kúrò kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi àwọn tó wá sí kíníìkì fọ̀níkú-fọ̀ladìde kún un, wọ́n á sọ S di púpọ̀. Ẹ mú ẹnì kan ṣoṣo nínú ọmọ ìyá.

Ẹ jẹ́ ká fi èèyàn 200 ṣe àpẹẹrẹ ìṣirò lásán: AA 140, AS 46, AC 10, SS 2, SC 2, CC kò sí. Jíìnì 400 nìyẹn. A jẹ́ 280 + 46 + 10 = 336, ìyẹn 0.84. S jẹ́ 46 + 4 + 2 = 52, ìyẹn 0.13. C jẹ́ 10 + 2 = 12, ìyẹn 0.03. Ohun tí Hardy àti Weinberg fi yé wa ní 1908 ni pé bí ìgbéyàwó kò bá tẹ̀ lé jẹ́nótáìpù, AA á jẹ́ 0.84 lọ́nà 0.84, AS á jẹ́ ìlọ́po méjì 0.84 lọ́nà 0.13, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Fún èèyàn 200, ìyẹn jẹ́ AA 141.1, AS 43.7, AC 10.1, SS 3.4, SC 1.6, CC 0.2. Ó sún mọ́ ohun tí a rí.

Bí AS tí ẹ rí bá kéré gan-an sí èyí tí ìṣirò retí, ohun méjì ló sábà máa ń fà á. Èkíní ni láàbù: a ka AS kan sí AA, a sì ka èyí tí S rẹ̀ nípọn sí SS. Èkejì ni ìdàpọ̀: bí ẹ bá da àwọn ará Kàbbà pọ̀ mọ́ àwọn Ígálà, Tápà àti Ẹ̀bìrà tó ń gbé ní Lọ́kọ́ja, tí ìdá jíìnì wọn yàtọ̀ síra, àwọn tí lẹ́tà wọn méjèèjì yàtọ̀ síra, bíi AS, á dín kù nínú ìṣirò láìsí àṣìṣe kankan. Ibí ni ìlú baba àti ìlú ìyá ti ń ṣiṣẹ́. Láàárín àgbàlagbà, SS tún lè kéré torí àwọn tí a ti sin.

Ti G6PD rọrùn jù. X kan ni ọkùnrin ní, nítorí náà ìdá àwọn ọkùnrin tí tiwọn kò tó ni ìdá jíìnì gan-an. Bó bá jẹ́ 20 nínú ọkùnrin 100, jíìnì jẹ́ 0.20, obìnrin tí X rẹ̀ méjèèjì ní in á jẹ́ 0.04, èyí tí ọ̀kan ṣoṣo ní in á jẹ́ 0.32.

Fún haptoglobin, pùrótéènì inú omi ẹ̀jẹ̀ tí Oliver Smithies fi gẹ́ẹ̀lì sítáàṣì ya sọ́tọ̀ ní 1955, ẹ ṣọ́ra. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀, 1-1, 2-1 àti 2-2, ṣùgbọ́n ibi tí ibà ti pọ̀ bíi tiwa, ọ̀pọ̀ èèyàn á wá tí kò sí ọ̀kankan lára gẹ́ẹ̀lì wọn. Haptoglobin ló ń kó hìmóglóbìn tó tú sínú omi ẹ̀jẹ̀. Bí ibà bá ń tú sẹ́ẹ̀lì, ara á ti ná an tán. Ẹ má kà á sí oríṣi kẹrin. Ẹ yọ wọn kúrò nínú ìṣirò, kí ẹ kọ iye wọn sọ́tọ̀.

Ẹ tún wo bí iye yín ṣe dájú tó. Ẹ mú ìdá jíìnì lọ́nà ìdá tó kù, ẹ pín in sí iye jíìnì tí ẹ kà, ẹ wá gbòǹgbò onílọ̀ọ́po-méjì rẹ̀. Fún C ti òkè yìí: 0.03 lọ́nà 0.97, pín sí 400, gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.0085. Ìlọ́po méjì rẹ̀ sí òkè àti sí ìsàlẹ̀ mú C wà láàárín 0.013 àti 0.047. Àyè yẹn fẹ̀ jù láti sọ pé Bùnú yàtọ̀ sí Yàgbà. Láti dín àyè náà kù sí ìdajì, èèyàn 800 ni ẹ nílò dípò 200, látinú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fẹ́ fi wéra.